Ìbéèrè Ló Yẹ Kí Ó Ṣáájú Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀: Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Ọpọlọ Mọ̀ Tí Ó Yẹ Kí Ìdílé Wa Mọ̀



Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ilé kan ní Kubwa, ní ìlú Abuja. Ó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ tuntun lórúkọ. Wọ́n ti ra àgbò, àlùfáà sì ti ṣe ìlérí pé òun yóò tètè dé. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ kò tíì fi ojú ba oorun fún òru mẹ́ta. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láìdánudúró. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ọmọ náà kì í ṣe tòun, pé wọ́n ti fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pe ìyá tirẹ̀ lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ní, “Àkànní ọmọ mi, má jẹ́ kí ayé gbọ́ o. Gbé e wá sílé.” Aládùúgbò kan ní iṣẹ́ àlùjọ̀nnú ni. Ẹlòmíràn ní òun mọ ibì kan tí wọ́n ti ń so irú wọn mọ́lẹ̀ títí ojú wọn yóò fi wálẹ̀.

Àpẹẹrẹ ni ilé yìí, kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa tí a ń gbé ìlú tí kì í ṣe ti bàbá wa ni ó mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Ẹbí jìnnà, ìtìjú ń bẹ, ẹ̀rù ń bani, gbogbo ẹnu sì ń dá ìmọ̀ràn. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: bí nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ bá wọ ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Èsì rẹ̀ kúrú. Kò ní wá okùn, kò sì ní kọ́kọ́ sọ orúkọ àìsàn. Yóò wò, yóò tẹ́tí, yóò sì béèrè ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀, ará ilé nìkan ni ó lè dáhùn wọn.

Ta ni nọ́ọ̀sì ọpọlọ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ni láti di aláìsàn mú kí dókítà lè gún un lábẹ́rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni iṣẹ́ náà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lára àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá bí ti Aro ní Abẹ́òkúta àti Yaba ní Èkó. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà lè rí aláìsàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà oúnjẹ, nígbà ìwẹ̀, nígbà oorun àti nígbà tí oorun kọ̀ tí kò dé. Òun ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ bí ara bá ń yá, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ ń mọ̀ bí ewu bá ń bọ̀.

A nílò irú wọn gan-an. Nínú ìwádìí ńlá kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2006, nǹkan bí ènìyàn 12 nínú 100 ni àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ kan ti bá jà rí láyé wọn. Nínú àwọn tí ó ń bá jà ní ọdún tí wọ́n bi wọ́n léèrè, nǹkan bí 8 péré nínú 100 ni ó rí ìtọ́jú kankan gbà. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 2005, fi ohun tí ó ń fa ìfàsẹ́yìn hàn. Ènìyàn 96 nínú 100 ni ó gbà pé eléwu ni ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó sì ju 80 lọ nínú 100 tí ẹ̀rù yóò bà láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lásán. Àwọn àgbà wa ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nítorí pé kò ṣeé bí lọ́mọ ni a ṣe ń fi pamọ́, ìpamọ́ náà ni ó sì ń jẹ́ kí àìsàn kékeré di ńlá.

Wíwò, gbígbọ́ àti bíbéèrè

Bí nọ́ọ̀sì bá jókòó ti aláìsàn, ojú rẹ̀ kò sinmi. Ó ń wo aṣọ àti ìmọ́tótó rẹ̀. Ó ń wo ìrìn rẹ̀, bóyá ó yára ju bí ó ti yẹ lọ tàbí ó falẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá ó ń ṣàn bí odò tàbí ó já sí wẹ́wẹ́. Ó ń béèrè bí inú rẹ̀ ti rí, bóyá ó ń gbọ́ ohùn ẹni tí ẹlòmíràn kò rí, bóyá ó gbà pé ẹnì kan ń lépa òun. Ó ń béèrè ọjọ́ òní, ibi tí wọ́n wà, àti ohun tí ó jẹ ní àárọ̀, kí ó lè mọ bí iyè rẹ̀ ti já gaara tó. Ó sì ń béèrè bóyá aláìsàn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ara òun kò yá.

Lẹ́yìn èyí ni yóò kọjú sí ará ilé. Kí ni ó yí padà? Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé lójijì ni, àbí díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mélòó kan? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀: ibà, ìbímọ, ikú ẹni ọ̀wọ́n, ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, igbó tàbí oògùn olóró? Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣe é rí? Ǹjẹ́ ó ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú ẹbí? Níhìn-ín ni a ti máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún nọ́ọ̀sì, tí a ó ní kò sí irú rẹ̀ nínú ìran wa. Bí a bá fi ìdáhùn kan pamọ́, a ti mú ìdajì ìtọ́jú kúrò lọ́wọ́ olùtọ́jú.

Ìbéèrè kan tún wà tí nọ́ọ̀sì kì í fò: ṣé kì í ṣe ara ni ó ń dààmú ọpọlọ? Ibà tí ó wọ orí, àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àìsàn gẹ̀gẹ̀, orí tí ó fara gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀, gbogbo wọn lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ. Ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn fi ń wọn ìgbóná ara, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó pe àìsàn náà ní ti ọpọlọ. Ẹni tí a bá so mọ́ ìdí igi nígbà tí ibà ń jà ní orí rẹ̀ lè kú sí ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní in ni ó ń sunkún. Nínú wa, púpọ̀ ni ó máa ń wí pé orí ń gbóná, pé nǹkan bí kòkòrò ń rìn nínú orí òun, pé àyà ń já, pé ara kò gbé e. Wọn a ṣe àyẹ̀wò ibà léraléra. Ohun tí nọ́ọ̀sì yóò béèrè ni pé, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ṣé inú bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ṣé ohun tí ó ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ṣé oorun àti oúnjẹ yí padà, ṣé o ń dá ara rẹ lẹ́bi láìnídìí? Yóò sì béèrè tààrà pé, “Ṣé èrò àti pa ara rẹ ti wá sí ọ lọ́kàn?” Ẹ̀rù máa ń bà wá láti béèrè èyí, a rò pé a ó fi èrò náà sí i lórí. Rárá o. Ìbéèrè náà kì í fa ìpara-ẹni. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tí ó ń dá ẹrù náà gbé rí ẹni bá a gbé e.

Padà sí ilé Kubwa

Bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́ pé ìyá náà bímọ ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, pé kò sùn, pé ó yí padà lójijì, pé ó kọ ọmọ, ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni èyí tí àwọn ìyá wa ti fún lórúkọ tipẹ́: abísínwín. Nínú bí ẹgbẹ̀rún kan ìbímọ, ó máa ń ṣe ìyá kan tàbí méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwà burúkú, kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, nítorí pé ìyá lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ ní jàǹbá láìmọ̀.

Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ gbé e gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ní òru. Ilé ìwòsàn ńlá tí ó súnmọ́ ilé jù ni a ó gbé e lọ ní òru náà. Kí ẹnì kan gbé ọmọ dání, kí a má fi òun àti ìyá nìkan sílẹ̀. Kí a kó ọ̀bẹ àti ohun mímú kúrò nílẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo tí ó fẹ́ràn máa bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, kí àwọn tí ó kù dákẹ́. Bí ó bá ní ọmọ kì í ṣe tòun, kí a má bá a jiyàn, kí a má sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí a wí pé, “Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo wà níbí. Jẹ́ kí á lọ rí àwọn tí yóò ràn wá lọ́wọ́.” Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá rí ìtọ́jú, ó sábà máa ń gbádùn pátápátá, yóò sì gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni láti sọ fún àwọn agbẹ̀bí bí ó bá tún lóyún, nítorí pé ó lè padà wá.

Ẹ̀kọ́ Aro

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtọ́jú ọpọlọ ti òyìnbó ni, tí kò ka ẹbí kún, kí ó rántí Aro. Ilé àtìmọ́lé ni àwọn aláṣẹ amúnisìn kọ́kọ́ kọ́ fún àwọn tí orí wọn dàrú, bí èyí tí wọ́n ṣí ní Yaba ní ọdún 1907. Ìtìmọ́lé ni ó pọ̀ níbẹ̀, ìtọ́jú kò tó nǹkan. Ní ọdún 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, tí ó kọ́ṣẹ́ ní Bẹ́míngámù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Nígbà tí a kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn Aro tán, ó bá àwọn abúlé tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ètò náà gbọ́dọ̀ mú ará ilé rẹ̀ kan dání, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un tí yóò sì máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Ní ọ̀sán wọn a lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn a padà sí abúlé, láàárín ènìyàn. Àwọn nọ́ọ̀sì a sì máa bẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀. Gbogbo ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára ètò náà, Lambo sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1973.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò díjú. Ẹbí kì í ṣe òǹwòran nínú ìtọ́jú ọpọlọ. Wọ́n jẹ́ apá kan nínú oògùn náà. Ẹni tí a bá sọ sí ibì kan tí a kò sì yọjú sí i mọ́, ara rẹ̀ lè balẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ilé padà sí.

Àdúà, egbòogi àti oògùn

Àwọn kan yóò béèrè pé ṣé ẹ̀sìn wa kò ní ìwòsàn tirẹ̀ ni. Ó ní in. Kò sí nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò ní kí a má ka Kùránì sí aláìsàn létí tàbí kí a má ṣe àdúà fún un. Ṣùgbọ́n Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, náà ni ó kọ́ wa pé kí á wá ìtọ́jú, nítorí pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó. Àwọn mùsùlùmí ìṣáájú gbà á bẹ́ẹ̀. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìlera ara àti ti ọkàn. Nínú rẹ̀ ni ó ti ya ìbànújẹ́ tí ènìyàn mọ ohun tí ó fà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní ìdí kan tí a rí. Ilé ìwòsàn ńlá tí Sultan Qalawun kọ́ ní Kairo ní ọdún 1284 ní ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí orí wọn kò pé. Àdúà àti oògùn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Àlùfáà tí ó bá ka àdúà tán tí ó sì wí pé, “Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù,” ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ti egbòogi náà kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣẹ̀sín. Àwọn onísègùn wa ti ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè tipẹ́. Raymond Prince, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aro ní àwọn ọdún 1950, kíyè sí i. Èròjà tí ó wà nínú rẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ yọ láti ara ewéko mìíràn tí ó bá a tan ní ọdún 1952, tí wọ́n sì fi ṣe oògùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní reserpine. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ni pé kò sí òṣùwọ̀n nínú àgbo. Ó lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ kọjá ààlà, ó sì lè mú ìbànújẹ́ ọkàn wá. Ẹni tí ó bá ti mu àgbo kí ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì láìtijú, kí wọ́n má baà fi oògùn lé oògùn.

Oògùn ilé ìwòsàn náà ní ìnira tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ó sì ń ṣọ́ ọ. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí a tó rí àyípadà. Ẹni tí ó bá dá a dúró ní ọjọ́ kẹfà, tí ó ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì dán an wò. Àwọn oògùn kan tí a fi ń tọ́jú wèrè lè mú kí ọrùn yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ojú yí sókè, kí itọ́ máa dà tàbí kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Ẹbí a ní àwọn ọ̀tá ti tún dé. Kì í ṣe ọ̀tá. Oògùn ni, ó sì ní ẹ̀rọ̀. Kí a yára padà sí ilé ìwòsàn, wọn yóò fún un ní ohun tí yóò tú u sílẹ̀, wọn yóò sì yí oògùn tàbí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Fún ẹni tí ó ń gbàgbé oògùn ojoojúmọ́, abẹ́rẹ́ kan wà tí a lè máa gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Nígbà ààwẹ̀ Ramadan ni ọ̀pọ̀ máa ń dá oògùn dúró, tí àìsàn sì ń padà lẹ́yìn ìtúnu. Kí oṣù tó lé ni kí a ti lọ bá nọ́ọ̀sì àti dókítà. Àwọn oògùn kan ṣeé lò ní sààrì àti ní ìṣínu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lo lithium nílò ìṣọ́ra gidi, nítorí pé bí omi bá dín nínú ara, oògùn náà lè di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́hun tí ó pa ààwẹ̀ láṣẹ náà ni ó yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Suratul Baqarah kí ó má gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì sì kọ́ wa pé a gbé kálàmù sókè lórí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú títí orí rẹ̀ yóò fi pé, ìyẹn ni pé a kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ẹni tí Ọlọ́hun kò dá lẹ́bi, kí ni a fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n dá a lẹ́bi fún?

Òfin ti yí padà

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yìí kan àwa mùsùlùmí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ní Kaduna, ní Katsina àti ní Ìbàdàn tiwa. Orúkọ ẹ̀sìn wa wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹgbẹ́ Human Rights Watch sọ ohun tí wọ́n rí ní ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Abuja. Wọ́n rí àwọn tí a so mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mùsùlùmí, lọ́dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi àti lọ́dọ̀ àwọn onísègùn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Òbí ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ, nítorí pé wọn kò mọ ibòmíràn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Òfin yìí ni ó gba ipò ti 1958, èyí tí orúkọ rẹ̀ pàápàá pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun náà sọ pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́, pé a kò gbọ́dọ̀ fi àìsàn rẹ̀ dù ú ní iṣẹ́ tàbí ilé, àti pé ìtọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ̀ nínú.

Ohun tí a lè ṣe láti ọ̀la

Ní Abuja, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada, ní National Hospital, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Karu. Kí á mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé. Bí ìyípadà bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ẹnì kan nínú ilé, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ṣáájú rẹ̀, bí oorun àti oúnjẹ ti rí, ohun tí ó ń sọ, oògùn àti àgbo tí ó ti lò. Ìwé náà yóò wúlò fún nọ́ọ̀sì ju ẹgbẹ̀rún ẹkún lọ. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bá a lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Ẹ̀yin lẹ́mọ́mù àti olórí ẹgbẹ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì ọpọlọ kan wá sí àsàlátù yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó wá dáhùn ìbéèrè.

Ní ti ilé Kubwa, àgbò lè dúró ní ìsọ rẹ̀. Ìsọmọlórúkọ náà lè dúró, ẹ̀sìn wa kò so ó mọ́ ọjọ́ kan tí kò ṣeé sún síwájú. Ohun tí kò lè dúró ni ìyá ọmọ. Àkànní lè dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé, “Màámi, ẹ bá wa ṣe àdúà. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ́la kí ẹ wá bá wa gbé ọmọ. Èmi ń gbé e lọ sí ọsibítù báyìí.” Bí ìyá bá gbọ́ èyí, tí ó sì dìde wá, ó ti di ará ilé irú èyí tí Lambo ń wá ní Aro.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì fún àwa tí ara wa le ní ọgbọ́n àti sùúrù láti tọ́jú wọn. Àmín.